Calendly Pẹ̀lú Google Calendar ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ: Àyẹ̀wò Láti Ìkòròdú

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ìkòròdú, ìbáà jẹ́ ní Sábó, ní Àgíríìkì tàbí ní Ìta Ẹlẹ́wà, mọ̀ pé ìdí máṣíìnì kọ́ ni ìjà òun àti oníbàárà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà yóò wá wọn ara, ìgbà tí yóò wá dán aṣọ wò, àti ẹni tó kọ́kọ́ gba aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé, àwọn ló ń dá ìjà sílẹ̀. Àyẹ̀wò yìí dá lórí Calendly, áàpù tí oníbàárà fi ń yan àkókò fúnra rẹ̀, àti bí ó ṣe ń gbé àkókò tí wọ́n bá yàn lọ sínú Google Calendar láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un kọ. Àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà àti àwọn tó ń rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Áàpù náà dára, mo sì lè gba aránṣọ mìíràn níyànjú pé kí ó lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ojú kọ́kọ́ máa ń rí.

Síso wọ́n pọ̀ kò le. Èèyàn yóò fi àkáǹtì Google rẹ̀ wọlé, Google yóò bi í bóyá ó gbà kí Calendly máa wo kàlẹ́ńdà rẹ̀ kí ó sì máa kọ nǹkan sí i, yóò fọwọ́ sí i, ó parí. Calendly kì í rí páásíwọ̀ọ̀dù Google yín, ẹ sì lè gba àṣẹ náà padà nígbàkúùgbà láti inú àkáǹtì Google. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ méjì ni yóò máa ṣe: yóò máa kọ àkókò tuntun sínú kàlẹ́ńdà, yóò sì máa ka àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí ó tó fi àyè kankan han oníbàárà. Kíkọ ni àwọn èèyàn máa ń yìn. Kíkà yẹn gan-an ni èmi ń yìn, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ yóò gba orí líǹkì tí Calendly ń fúnni wá.

Ká ní màmá kan láti Odógunyàn pe fóònù ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ wá wọn ara ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màmá kò ní tẹ líǹkì, kò sì yẹ kí a fi dandan mú wọn. Ọmọ iṣẹ́ mi yóò ní, "Ẹ máa bọ̀, Mà, a ti kọ ọ́ sílẹ̀," yóò ṣí Google Calendar lórí fóònù, yóò sì kọ "Màmá Odógunyàn, wíwọn ara" sí aago mẹ́rin. Kí ó tó gbé fóònù kalẹ̀ tán, aago mẹ́rin ti kúrò lára àwọn àkókò tí ọmọbìnrin kan tó jókòó sí Àgíríìkì ń rí lórí líǹkì wa. Kò sí ẹni tó lọ sọ fún Calendly. Òun ló yẹ kàlẹ́ńdà wò. Bí ọmọbìnrin náà bá wá mú aago márùn-ún, orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti irú aṣọ tó fẹ́ rán, èyí tí mo ti ní kí ojú ewé náà máa béèrè, yóò bọ́ sínú kàlẹ́ńdà kan náà nísàlẹ̀ orúkọ Màmá. Bí ó bá sún ọjọ́ náà síwájú tàbí tó fagi lé e láti inú ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ti inú kàlẹ́ńdà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo mọyì èyí nítorí pé mo ti lo irú kejì, èyí tí kì í ka kàlẹ́ńdà, rí. Áàpù kan tí n kò ní dárúkọ sọ pé òun náà ń so mọ́ kàlẹ́ńdà, àmọ́ àdírẹ́sì kan tó parí sí .ics ló fún mi pé kí n lẹ̀ mọ́ kàlẹ́ńdà mi. iCalendar ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ó ti wà láti ọdún 1998, wọ́n tún un ṣe ní 2009, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ máa wo ọjọ́ bọ́ọ̀lù tàbí ọjọ́ ìsinmi. Àléébù rẹ̀ ni pé kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ ló ń yan ìgbà tí yóò padà lọ wo àdírẹ́sì náà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ó tilẹ̀ lè di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí, áàpù ọ̀hún kò lè ka ohunkóhun nínú kàlẹ́ńdà tèmi. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó ojú ọ̀nà méjì bára wọn pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mọ́kànlá: ọ̀kan gba orí áàpù wá, èkejì ti pè wá lórí fóònù, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú kàlẹ́ńdà. Kálukú wọn mú ìyá tirẹ̀ àti ìyá ọkọ dání, yàrá kan ṣoṣo ni mo sì ní tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá ti rí ìyá mẹ́rin tó wọ léèsì dúró níwájú aṣọ ìkélé kan yóò mọ bí àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ́kọ́ wádìí nípa áàpù èyíkéyìí ni bóyá ó ń ka kàlẹ́ńdà kí ó tó fúnni láyè.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń bi mí, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Inú fóònù wa kọ́ ni ìsopọ̀ yìí wà. Àárín kọ̀ǹpútà Calendly àti ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà bí iná ìjọba bá lọ láti ìrọ̀lẹ́, tí fóònù kú, tí dátà sì tán, oníbàárà ṣì lè gba àkókò lóru, ẹlòmíràn kò sì ní lè gba àkókò kan náà mọ́. Ìgbà tí fóònù bá tàn tó sì rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni àwa yóò tó rí i. Ọ̀dọ̀ wa ni nǹkan ti lè bàjẹ́: ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá kọ sínú kàlẹ́ńdà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yóò dúró sórí fóònù títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yóò fi dé, Calendly kò sì lè ka ohun tí kò tíì kúrò lórí fóònù.

Ohun tó ṣòroó fura sí jù lọ ni ti odidi ọjọ́. Bí ẹ bá kọ ohun tó gba ọjọ́ kan gbáko sínú Google Calendar lórí kọ̀ǹpútà, bí irú "Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ìnáwó", Google á kà á sí pé ọwọ́ yín ṣì dilẹ̀ lọ́jọ́ náà, àyàfi tí ẹ bá yí i sí "Busy", ìyẹn pé ọwọ́ yín dí. Èyí tó bá jẹ́ "Busy" nìkan ni Calendly máa ń tì. Ẹ̀yin á wà ní Ẹ̀pẹ́ lẹ́nu ìrẹsì, àwọn oníbàárà á máa gba àkókò ní Ìkòròdú.

Ní tiwa níbí, ọjọ́ Orò ni mo kọ́kọ́ máa ń mójú tó. Lọ́jọ́ tí Orò bá wà níta, obìnrin kì í jáde. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, obìnrin sì ni èmi náà. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìsinmi Nàìjíríà tí Google ń fúnni mọ Kérésì, ó mọ Iléyá, kò mọ Orò Ìkòròdú. Bí wọ́n bá ti kéde ọjọ́ náà, a ó wọ ibi tí a to àkókò iṣẹ́ sí nínú Calendly, a ó mú ọjọ́ yẹn, a ó sì tì í pátápátá. Ojú ẹsẹ̀ ló máa ń kúrò lórí líǹkì.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí a máa ń darí bí wọn yóò ṣe wọn ara lórí fídíò, áàpù yìí gba ìṣirò lọ́wọ́ wa. Aago Nàìjíríà kì í yí padà látọdún dé ọdún, àmọ́ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sún tiwọn síwájú ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Nígbà ẹ̀rùn tiwọn, aago kan náà ni gbogbo wa ń lò. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Aago mẹ́ta ni oníbàárà yóò rí lọ́hùn-ún, aago mẹ́rin ni yóò wà nínú kàlẹ́ńdà tèmi, líǹkì Google Meet tí a ó fi ríra lórí fídíò yóò sì ti wà nínú rẹ̀.

Ọmọ bíbí Èkó ni Tope Awotona, ẹni tó dá Calendly sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ náà sì ti tó iye tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ nígbà tí àwọn olùdókòwò kówó sí i ní 2021. Inú mi dùn sí i, síbẹ̀ kò sí Yorùbá lára àwọn èdè tí ojú ewé áàpù náà ń sọ. A lè kọ orúkọ àti àlàyé ìpàdé tiwa ní Yorùbá tòun ti àmì ohùn, kò sì ní sọ wọ́n di àpótí òfìfo. Ìyókù, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí kò bá ní ímeèlì kò sì lè gba àkókò lórí rẹ̀ rárá, nítorí náà àwọn màmá wa á ṣì máa pe fóònù.

Ọ̀fẹ́ ni mo ń lò. Irú ìpàdé kan ṣoṣo àti kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ni ọ̀fẹ́ fàyè gbà, mo sì fi wíwọn ara àti dídán aṣọ wò sábẹ́ orúkọ kan, kí oníbàárà sọ èyí tó bá tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó fẹ́ kí áàpù máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán oníbàárà létí, yóò san dọ́là 10 lóṣù bí ó bá san ti ọdún kan pọ̀, tàbí 12 bí ó bá ń san án lóṣooṣù. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ méjì mẹ́ta, n kò rí ìdí rẹ̀. Kódà, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí Google lè fi ojú ewé ìgbàpàdé tó wà nínú Google Calendar fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun náà ń fún ẹni tí kò sanwó, àmọ́ kò sí ohun tí a ó tún so mọ́ra níbẹ̀. Ìbéèrè tí mo ń bi oníbàárà rọ̀ mí lọ́rùn láti tò nínú Calendly, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró sídìí rẹ̀.

Ní ti àsansílẹ̀, Stripe àti PayPal, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni Calendly mọ̀, àwọn tó ń sanwó fún áàpù náà nìkan ló sì lè lò wọ́n. Báńkì ni àwọn oníbàárà mi ń sanwó sí, orí WhatsApp ni wọ́n ń fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí, ọmọ iṣẹ́ mi a sì kọ ọ́ sínú ìwé owó bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀.