Astron RS-35A: power supply tó ṣeé tú, tó sì ṣeé tún ṣe

Ẹni tó bá ń wá power supply tó fúyẹ́, kó má wulẹ̀ yà sọ́dọ̀ RS-35A. Ó wúwo tó kìlógíráàmù 12, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kó gba iná ilé, kó yọ 13.8 V DC fún redíò. 35 A tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kì í ṣe ohun tó lè gbé títí ilẹ̀ á fi ṣú o; ìṣẹ́jú 5 ni, á sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5. 25 A ló lè gbé láìsinmi. Redíò HF 100 W (irú èyí táwọn oníredíò ham fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) máa ń fa bíi 20 sí 22 A tí ẹ bá tẹ máìkì, nítorí náà ó ká a dáadáa.

Ohun tó jẹ́ ká gba tiẹ̀ ni pé inú rẹ̀ kò ní àṣírí. Transformer ńlá kan, diode, capacitor tó tóbi tó agolo, transistor 2N3771 mẹ́rin lára irin tó ń fa ooru lẹ́yìn, àti páálí kékeré tí LM723, IC tó ń ṣàkóso fólítéèjì, wà lórí rẹ̀. Ó tán. Àwọn switching (irú power supply tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá, tí kò nílò transformer ńlá) tó fúyẹ́ dára láyè tiwọn, àmọ́ tí wọ́n bá kú, nǹkan bíi mélòó kan nínú wọn ló sábà máa ń jùmọ̀ kú, capacitor inú wọn sì lè di nǹkan bí 325 V mú tó bá jẹ́ iná 230 V ni. Ìyẹn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ lára irú linear báyìí (èyí tó ń lo transformer ńlá, tí transistor rẹ̀ ń sọ fólítéèjì tó ṣẹ́kù di ooru): ẹ tàn án, ó kùn hùn-ùn, fíúsì já. Ẹ má fi fíúsì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀, torí transformer lẹ máa fi san gbèsè yẹn. Ẹ yọ redíò kúrò, kẹ́ ẹ fi gílóòbù àtijọ́ 100 W (LED kò ṣeé lò) sí ojú wáyà iná ilé, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé power supply. Tó bá tàn yòò lẹ́ẹ̀kan tó wá ṣú, capacitor ló ń gba iná sínú, kò séwu. Tó bá tàn tí kò dín rárá, nǹkan ti kan ara wọn nínú: diode, capacitor, tàbí kó jẹ́ crowbar ló ti ta.

Crowbar yẹn kò ju SCR kan lọ, ìyẹn switch tí iná kékeré lè tàn, tó dúró lẹ́nu ibi tí iná ń gbà jáde. Tí fólítéèjì bá ga jù, á so pọ́sítíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù kí fíúsì lè já, kí redíò má bàa jó. Ẹ má ṣe gé e kúrò kẹ́ ẹ tún wá so redíò mọ́ ọn pé ẹ fẹ́ dán an wò. Tí 2N3771 kan bá ti jó, tí collector àti emitter rẹ̀ (ẹsẹ̀ méjì tí iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde) di ọ̀kan, 20 V tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló máa dé orí redíò, gbẹgẹdẹ á sì gbiná.

Ẹ pa iná, ẹ fi resistor 100 ohm, 5 W fa iná inú capacitor tán fún ìdajì ìṣẹ́jú kí mítà tó kan ohunkóhun. Transistor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ní parallel (ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n jọ pín iná), nítorí náà tí ọ̀kan bá jó, mítà á ní gbogbo wọn ló jó. Ẹ tú wáyà emitter wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 2N3055 kò tó fi dípò: 15 A ni agbára tirẹ̀, 2N3771 gba 30 A. Awẹ́ mica abẹ́ transistor gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá funfun, torí ara irin transistor náà gan-an ni collector.

Èyí tó ń fara pamọ́ jù ni èyí tí kì í já fíúsì. Mítà ka 13.8 V, ẹ tẹ máìkì, ó já wá sí 11 V. Ẹ gbé redíò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ so gílóòbù iwájú ọkọ̀ 12 V, 55 W mẹ́rin mọ́ ọn, lọ́kọ̀ọ̀kan o, torí gílóòbù tó tutù máa ń fa iná gan-an. Á sún mọ́ 20 A. Ẹ wá wọn fólítéèjì lórí resistor tó wà lójú emitter transistor kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 0.05 ohm ni, 5 A tó ń kọjá á fún yín ní 0.25 V. Bí ọ̀kan bá ka òdo, tí mẹ́ta yòókù ka nǹkan bí 0.33 V, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́: transistor yẹn ti kú tàbí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú, àwọn tó kù ló ń bá a ru ẹrù. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ yí mítà sí AC lẹ́nu àbájáde. Mílífólítì díẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá pọ̀, ẹ fún skúrù orí capacitor le ná kẹ́ ẹ tó ní ó ti gbẹ.

Ti LM723 kò le: láti pin 6 sí pin 7, nǹkan bí 7.15 V. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wò bóyá iná ń dé pin 12 kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Àléébù rẹ̀ gidi ni pé RF (ìgbì redíò) láti áńtẹ́nà lè bá wáyà wọlé, kó tan crowbar jẹ, kó ta nígbà tí kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́. Ferrite (òrùka tó ń dí RF lọ́nà) lára wáyà DC àti capacitor 0.01 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ gate SCR (ẹsẹ̀ tó ń tan án) sábà máa ń mú un balẹ̀. Ooru náà tún wà: tí 20 V bá wọlé tí 13.8 V jáde ní 20 A, 124 W ló ṣòfò sára irin ẹ̀yìn yẹn, nítorí náà ẹ má fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá transformer rẹ̀ jẹ́ ti 115 V tàbí 220 V. Bí ẹni tó ń tà á kò bá sì jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò, ẹ fi owó yín sápò.