Àga ọmọdé inú ọkọ̀, tòkunbọ̀, tí mo rà ní ₦85,000: oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé e kiri lásán

Ọjọ́ Sátidé ni, a ń ti ìkómọ kan bọ̀ ní Magodo, èmi ni mo wà nídìí ọkọ̀. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ afárá Berger, dánfó kan já wọlé síwájú mi láìtan iná kankan, kọ̀ńdọ́ rẹ̀ tún ń juwọ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Mo tẹ búrèkì. Àwa àgbà, bẹ́líìtì dì wá mú. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì àbọ̀ tó jókòó sínú àga olówó ńlá, tòun tàga ni wọ́n ṣubú síwájú. Ó fi iwájú orí gbá ẹ̀yìn àga tí ìyá ọkọ mi jókòó sí. Ó wú kókó. Ọpẹ́ ni pé eré mi kò pọ̀. Kókó náà ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ọkọ mi ló wà wá délé.

Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín. Ẹ so ọmọ mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá, ó tún wá já. Ká ní orí ẹsẹ̀ mi ló wà ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyẹn ló dùn mí ju dánfó lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí irú àga yìí ṣe rí, ike, tìmùtìmù, bẹ́líìtì tó ń ti èjìká méjèèjì bọ̀ wá sáàárín itan, ibi tí wọ́n ń gbé ife sí tó jẹ́ pé bísíkíìtì ló máa ń wà níbẹ̀. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni. Ìsọ̀ kan ní Ìkẹjà ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn. Tí ọkọ̀ bá dúró sóòrùn fún wákàtí kan, irin bẹ́líìtì rẹ̀ á gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Aṣọ ni mo máa ń tẹ́ lé e kí ọmọ má baà jóná. Bíbọ́ aṣọ rẹ̀ fọ̀, ìdajì ọjọ́ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo gbé àga náà lọ bá wọn. Mo ti to èébú sẹ́nu láti ilé. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ń jẹ pọ́fù-pọ́fù, kò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. "Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló ṣe é?" Mo ṣàlàyé. Ó nàka sí pépà tó wà lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo ní mi ò bèèrè owó, mo fẹ́ mọ ohun tó fà á tó fi ṣubú ni. Ó rò ó díẹ̀, ó gbé pọ́fù-pọ́fù mì, ó ní, "Bóyá búrèkì yín ló le jù mà."

Búrèkì mi!

Wọ́n ní kí n dúró de mánijà. Mo jókòó sórí páálí páńpásì fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ibẹ̀ ni mo wà tí tọkọtaya kan wọlé tí wọ́n wá ra àga ọmọdé, ọmọbìnrin náà gbé ọ̀kan kalẹ̀ fún wọn, ó fa okùn gígùn kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Okùn yìí lẹ máa fi máa gbé e dání mà." Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi okùn yẹn gbé àga wọlé, gbé e jáde, bí àpò ọjà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń bójú tó sítọ́ọ̀ wọn ló gbọ́ ariwo mi. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ yẹn." Bí wọ́n ṣe dé ìdí Corolla 2005 mi, wọ́n ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó ẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ tèmi náà bọ̀ ọ́. Irin méjì wà níbẹ̀! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wa ọkọ̀ yìí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí irin yìí wà nínú ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n máa fi ìkọ́ àga ọmọdé há a, iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ń fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é ní tèmi, mi ò sì fà á kó le.

Wọ́n wá mú okùn "ìgbédání" yẹn, wọ́n gbé e kọjá sókè ẹ̀yìn ìjókòó, wọ́n ṣí ike kékeré kan lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, wọ́n fi ìkọ́ rẹ̀ há irin tó wà lábẹ́ ike náà. Iṣẹ́ okùn náà ni pé kó má jẹ́ kí orí àga, àti orí ọmọ, fò síwájú. Wọ́n fi orúnkún tẹ àga mọ́lẹ̀, wọ́n fa okùn gbogbo títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Wọ́n ní kí n mì ín, pé kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ. Mo mì ín, odidi ọkọ̀ ló bá mi mì.

Mo bi wọ́n ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwé máa ń bá àwọn àga kan wá láti òkèèrè, kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀, tí ọjà kò bá tà àwọn a jókòó kà á. Àwọn náà ló yí àga mi dojúdé tí wọ́n fi ọjọ́ tí kò ní ṣeé lò mọ́, tí wọ́n tẹ̀ sára ike, hàn mí: ó ku ọdún kan ó lé díẹ̀ kó pé. Wọ́n ní tòkunbọ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò lè bá mi búra pé kò sí nínú ọkọ̀ tó ní jàǹbá rí.

Ìbínú mi ò mọ ẹni tí ì bá bá mọ́.

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, mo ń kàwé. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, sọ pé àga yìí ń dín ikú kù ní ìdá 71 nínú 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìdá 54 fún ọlọ́dún kan sí mẹ́rin. Ó wú mi lórí, àfìgbà tí mo rí i pé ọmọ tí wọn kò dè rárá ni wọ́n fi ṣe ìfiwéra. Steven Levitt, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó wà ní Yunifásítì Chicago nígbà náà, ti gbé e jáde ní 2005 pé tí ọmọ bá ti pé ọdún méjì, tí a bá fi bẹ́líìtì lásán wé àga, òun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ nínú iye tó ń kú. Àwọn olùwádìí mìíràn dá a lóhùn ní 2006: fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà, àga fi ìdá 28 sàn ju bẹ́líìtì lọ tí wọn ò bá ṣì í lò púpọ̀, tí wọ́n bá ka àwọn tó ṣì í lò mọ́ ọn, ó di 21. Ẹ wo ibi tí mo wà. NHTSA náà ti yẹ ọkọ̀ wò lójú títì, wọ́n bá àṣìlò lára ìdá 46 àwọn àga náà. Amẹ́ríkà nìyẹn, tí ìwé wà nínú páálí.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún ìyá ọkọ mi pé ọmọ kìlógíráàmù 12, tí ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí bá forí sọ nǹkan, á wúwo lọ́wọ́ ẹni ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ. Wọ́n ní àwọn ti gbé iṣu tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi kan náà ló ń gbé ọmọ lọ síléèwé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárín ọ̀sẹ̀, lórí ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n má da ara mi láàmú, pé lọ́dọ̀ wọn tí òfin ti ní àga títí ọmọ á fi pé ọdún 12 tàbí kó ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, tí táksí kò bá ní àga, wọ́n lè gbé ọmọ sẹ́yìn láìsí i.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé mánijà. Ó dé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí, ó já rìsíìtì fún mi: ₦5,000, "owó ìdè àga". Ẹ̀gbọ́n onísítọ́ọ̀ wojú ilẹ̀. Mo san án, mo sì bi í pé ṣebí ẹni tó mọ̀ ọ́n dè ti wà nínú ìsọ̀ yín látọjọ́ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ fi í pamọ́ sẹ́yìn páálí? Kò dáhùn. Bí mo ṣe ń jáde, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi rí ẹ̀gbọ́n náà nídìí ọkọ̀ tọkọtaya yẹn, orúnkún wọn wà lórí àga. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gba 5,000 lọ́wọ́ àwọn náà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Oyún mi ti pé oṣù méje, mo ti san àsansílẹ̀ òmíràn ní ìsọ̀ yẹn, tuntun lẹ́yìí, mo sì ti bẹ ẹ̀gbọ́n onísítọ́ọ̀ kí wọ́n má lọ jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ tí mo bá ń bọ̀ wá gbé e.