Bí nẹ́ẹ̀tì olóògùn méjì, Interceptor G2, ṣe rí nílé wa

Apá Kwara ni mò ń gbé, níbi tí gọ́tà kì í gbẹ tí oko ẹ̀fọ́ sì wà lẹ́yìn ilé. Nẹ́ẹ̀tì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ kò ya, a sì ń ta á lálaalẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀fọn á bà lé e, á máa rìn lórí rẹ̀, á sì fò lọ bí ẹni pé kò sí oògùn kankan lára rẹ̀. Ọmọ tí apá rẹ̀ bá kan nẹ́ẹ̀tì lójú oorun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí wọ́n pín Interceptor G2 ládùúgbò wa, tí mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè.

Oògùn ara nẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìdílé kan ṣoṣo ló ti wá, òun ni pyrethroid. Ìdílé yìí kan náà ló wà nínú kọ́ìlì tí à ń sun, nínú ọ̀pọ̀ èyí tí à ń fín sí yàrá, àti èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sórí ẹ̀fọ́ àti òwú. Kò síbi tí ẹ̀fọn kì í ti í pàdé rẹ̀. Èyí tó bá yè é ló ń bímọ, ọmọ rẹ̀ á sì jogún agbára náà. Láti nǹkan bí ọdún 1993 ni ìròyìn Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, tí pyrethroid kò ràn ti ń jáde láti Côte d'Ivoire. Àwọn kan nínú wọn, ibi tí oògùn yìí máa ń dì mú nínú iṣan ìmọ̀lára wọn ti yí padà. Àwọn mìíràn ní èròjà nínú ara tó ń tú májèlé náà ká kó tó ráyè ṣiṣẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn nẹ́ẹ̀tì yìí nìyí. Alpha-cypermethrin, tó jẹ́ pyrethroid, wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n chlorfenapyr wà pẹ̀lú rẹ̀. Chlorfenapyr kò bá iṣan jà rárá. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára tí ẹ̀fọn fi ń fò ló ń bà jẹ́. Nígbà tó bá kọ́kọ́ wọ ara ẹ̀fọn, kò tíì le. Èròjà tí ẹ̀fọn fi ń tú pyrethroid ká gan-an ló ń sọ ọ́ di májèlé gidi. Ẹ̀fọn tó gbójú lé agbára yẹn wá dà bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó wá pa á.

Ẹ má retí kí ẹ̀fọn máa já bọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ta á o. Ó lè tó wákàtí 72 kí ẹ̀fọn tó kú. Aládùúgbò wa kan ti ká tirẹ̀ kúrò nítorí èyí, ó ní òun kò rí òkú ẹ̀fọn nílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ ọwọ́ wà nílé náà. Ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ oníbà, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó lè ran ẹlòmíràn. Bó bá kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kò ní lè kó ibà náà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ibà kò tán nílé wa, àmọ́ a kì í gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lásìkò òjò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ilé kan kò tó ẹ̀rí, mo mọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023, ló fi mí lọ́kàn balẹ̀: láàárín ọdún méjì, ibà àwọn ọmọdé tó ń sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì yìí fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó lo nẹ́ẹ̀tì olóògùn kan, èyí tó ní pyrethroid nìkan. Ní Tanzania, ìdá 44 ni. Ní oṣù kẹta 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún ibi tí pyrethroid kò ti ran ẹ̀fọn mọ́. Nẹ́ẹ̀tì olóògùn méjì mìíràn tí wọ́n jọ dán wò ní Benin, èyí tó ní pyriproxyfen, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn lè bímọ, kò fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ yẹ ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá wò kí ẹ tó gbé e lọ.

Ó ní àléébù. Ojú àti ọwọ́ máa ń ta èèyàn ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́, pàápàá tí ẹ kò bá fẹ́ ẹ síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ta á. Etí bẹ́ẹ̀dì onígi sì máa ń fà á ya. Abẹ́rẹ́ àti òwú kì í jìnnà sí mi. Ọṣẹ ìwẹ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń sá a síbi tí oòrùn kò dé, torí oòrùn àti ọṣẹ líle ń jẹ oògùn rẹ̀. Kò sì lè ṣe nǹkan kan sí ẹ̀fọn tó ń jẹ wá níta kí a tó wọlé sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé olóògùn kan ni wọ́n ṣì ń pín lọ́dọ̀ tiwọn. Mo ti ní kí wọ́n máa sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ, torí ó sàn ju àìní lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè chlorfenapyr lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn nígbà ìpín tó ń bọ̀.