ThinkPad T480, MacBook Air M1 àti Framework 13: èwo ló ṣeé tún ṣe jù?

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò lò pẹ́ sábà máa ń béèrè bóyá ara rẹ̀ le. Ohun tí èmi kọ́kọ́ máa ń wò ni bí a ṣe ń tú u, àti bóyá ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣeé rà nítòsí.

Nínú àwọn tòkunbọ̀, ThinkPad T480 ti Lenovo, tó jáde ní 2018, ni mo fara mọ́ jù. Bátìrì méjì ló sábà máa ń ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí iná bá lọ, tí ti ẹ̀yìn sì kú, ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ ki òmíràn tó kún bọ̀ ọ́, láìpa iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, nítorí pé ti inú ni yóò máa gbé e ró. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún RAM rẹ̀ (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), ẹ kọ́kọ́ pa bátìrì inú láti inú BIOS (ojú ewé ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó wọlé), ẹ yọ ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó wà nísàlẹ̀, èyí tí kò lè sọnù nítorí pé ara ìdérí ni wọ́n há sí. Bí ẹ bá ti fi ìka ya irin kékeré méjì tó di RAM mú lọ́tùn-ún lósì, yóò gbórí sókè fúnra rẹ̀. Àyè RAM méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣe é láti gba 32GB. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún T480s: lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ lórúkọ, síbẹ̀ wọ́n ti fi òjé jó apá kan RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó inú tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́. Ẹ yẹra pẹ̀lú fún T480 tí iye píksẹ́lì ojú rẹ̀ jẹ́ 1366x768, ó ṣú jù. 1920x1080 ni kí ẹ béèrè.

MacBook Air M1 ti 2020 fúyẹ́, kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an. Àmọ́ kò sí àyè fún àfikún: bí RAM tí ẹ rà bá jẹ́ 8GB, 8GB ni títí ayé rẹ̀, ibi ìpamọ́ rẹ̀ náà sì ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Framework Laptop 13, tó kọ́kọ́ jáde ní 2021, ni ó rọrùn jù láti tún ṣe nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Súkúrúdíráfà rẹ̀ ń bá a wá nínú páálí, ẹ sì lè fi bọ́ọ̀dù tuntun sínú ara tó ti gbó. Ẹni tó ń gbé London tàbí Houston lè rà á tààrà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn yóò máa retí ará òkèèrè tí yóò bá a gbé ẹ̀yà rẹ̀ bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fi T480 ṣáájú rẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ tẹ F1 bí T480 bá ṣe ń tan, kí ẹ wò ó bóyá BIOS rẹ̀ yóò ṣí láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ tó sanwó. Mo ti ra ọ̀kan rí tí ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti BIOS rẹ̀ pa, n kò sì rí bátìrì inú rẹ̀ pa kí n tó tú u. Ẹ ki ṣájà bọ ihò USB-C rẹ̀ náà, kí ẹ mì í díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò máa gba iná lọ.