Píánò tòkùnbọ̀ tí kò mọ jẹ́jẹ́: ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn

Nóòtì méjì péré ni mo tẹ̀ lórí píánò oníná tòkùnbọ̀ tí mo rà, tí inú fi bí mi. B fúláàtì, lẹ́yìn náà G tó wà lókè rẹ̀. Bí Nocturne tí Chopin kọ, Op. 9 nọ́ńbà 2, orin píánò jẹ́jẹ́ kan, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí B fúláàtì yẹn rọra yọjú, kí G wá gùn lọ bí ohùn ẹni tó ń dá orin. Àwọn méjèèjì dún gbàgà, bákan náà. Mo fi ìka kan tẹ G bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ tó sùn. Gbàgà. Mo fi gbogbo ọwọ́ gbá a. Gbàgà.

Ọdún 19 ni mo ti ń tẹ ọ́gàànù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọ́gàànù kò bìkítà bóyá o rọra tẹ̀ ẹ́ tàbí o fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Tí o bá fẹ́ kó dún kíkan, pẹ́dàlì tàbí sítọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tí à ń fà tàbí tẹ̀ láti yí ohùn padà, ni wàá wá lọ. Torí kí ìka mi lè máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ṣe ń tọ́jú owó láti ọdún méjì sẹ́yìn. Orúkọ píánò gan-an nìyẹn: nígbà tí Cristofori, ará Ítálì tó kọ́kọ́ ṣe píánò, ṣe é ní Florence ní nǹkan bí ọdún 1700, ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé ó lè ṣe piano, ó sì lè ṣe forte, ìyẹn jẹ́jẹ́ àti kíkan lédè Ítálì. Kí n wá san ₦650,000 lórí èyí tí kò mọ jẹ́jẹ́!

Mo pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló gbé fóònù. "Mọ́mì, ẹ yí fọ́líọ̀mù wálẹ̀." Mo ní kì í ṣe fọ́líọ̀mù. "Ẹ yí i sókè nígbà yẹn." Mo ṣàlàyé pé bí mo fọwọ́ bà á, bí mo gbá a, ohùn kan náà ló ń mú jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ń dún, àbí?" Mo tún pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní ọjà tó bá ti jáde kì í padà, pé wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́, ní lẹ́tà wínníwínní tí mo ní láti gbé síbi iná kí n tó rí i.

Lọ́jọ́ Ajé mo háyà bọ́ọ̀sì, mo gbé e padà. Ọmọkùnrin náà tan píánò, ó fi orin ìyìn kan sí i, orí rẹ̀ ń mì. "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́? Ó dún dáadáa." Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí kò parọ́ fún mi. Lójú tirẹ̀, nǹkan tó bá ti dún ti tán.

Ibi tí ohùn mi ti ń lọ sókè ni bàbá kan ti jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó mú sikurudíráífà dání. "Ọmọ mi, kí lo ń lù?" Mo ní Chopin ni, sà. Ó ní kí n lu ìlà àkọ́kọ́. Kò wo ọwọ́ mi, ilẹ̀ ló ń wò. "Wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀," ni ó wí. Ó di bọ́tìnnì kan mú, ó tẹ kíì kan nísàlẹ̀. Ẹni tó lo píánò náà ṣáájú mi ló yí ìfọwọ́kàn rẹ̀ sí Fixed, kí gbogbo nóòtì lè máa dún dọ́gba. Ó yí i sí Medium, ìyẹn ipò àárín tó ń gbọ́ ìka. Ó ní kí n tún un lù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, B fúláàtì yẹn jáde bí èémí.

Ṣùgbọ́n G ṣì ń pariwo, òun nìkan. Bàbá dojú píánò délẹ̀, ó tú àwọn sikúrù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lábẹ́ àwọn kíì, eruku ti bò ó. Ó tẹ òwú bọ sípírítì, ó nù ún. Ó fi ibi méjì hàn mí lórí rọ́bà náà: kíì a kọ́kọ́ kan èkíní, a kan èkejì, àkókò tó wà láàárín méjèèjì ni píánò fi ń mọ bí yóò ṣe dún tó. Tí ìdọ̀tí bá dí èkíní, ó lè máa pariwo nígbà gbogbo. "Kì í ṣe agbára ló ń wọ̀n, bí kíì ṣe yára tó ni. Má lù ú. Jẹ́ kí kíì rọra lọ sílẹ̀." Látìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ, mo rò pé agbára ni!

Ó jókòó tì mí fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó ní ọwọ́ òsì mi ń bá ọwọ́ ọ̀tún jà. "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni ìyáàlù, òun ló ń sọ̀rọ̀. Òsì ni omele. Omele kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bo ìyáàlù." Chopin náà sọ fún àwọn tó ń kọ́ pé kí ọwọ́ òsì di ìwọ̀n orin mú, kí ọ̀tún lè rìn bó ṣe wù ú. Mo rántí Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó kọ orin píánò, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí píánò ṣe lè gbé ohùn ìlù wa. N kò rò pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo ti máa gbọ́ ọ.

Bàbá kò gba kọ́bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù gbà. Pẹ́dàlì kékeré tí wọ́n fi tẹ̀lé píánò náà, èyí tí ẹsẹ̀ fi ń mú kí ohùn pẹ́, títàn àti pípa nìkan ló mọ̀. Kò sí ìdajì. Orin yẹn sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ máa pààrọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo rẹ̀ a dàrú bí ọbẹ̀ tó jóná. Wọ́n ta òmíràn fún mi ní ₦28,000, wọn ò yọ nǹkan kan. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró de rìsíìtì. Owó bọ́ọ̀sì lọ, owó bọ́ọ̀sì bọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ó ń jẹun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Lálẹ́ àná, mo lù ú débi tí orin náà ti ru sókè kó tó rọlẹ̀ parí, àwọn nóòtì tó kẹ́yìn sì kéré débi pé mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí nínú yàrá kejì.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lu nóòtì kan ṣoṣo ní jẹ́jẹ́ àti kíkan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì béèrè Bàbá. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ló máa ń wá.