Ìyá Ìbejì sáré kìlómítà 21, kọ̀ǹpútà ní kò parí

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dá mẹ́dààlì yẹn padà."

Ọ̀rọ̀ tó sọ mí di òǹkọ̀wé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́, lábẹ́ kánópì funfun tó wà lẹ́bàá ibi tí eré parí sí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́ fún, ọlọ́mọ mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré kìlómítà mọ́kànlélógún àti díẹ̀ káàkiri ìgboro Abuja. Iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí i lójú. Orí mi gbóná. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹsẹ̀ mi ti kú tán, ǹ bá ti ṣe ohun tí n ò ní lè kọ síbí.

Kí n tó máa bínú lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí a jẹ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń sáré ní Kubwa. Alàgbà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kéré jù nínú wa. Kò ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kankan, aago ọwọ́ rẹ̀ tó ń ka ìlù ọkàn àti ìṣísẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Èmi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, mo máa ń jókòó sẹ́nu iṣẹ́ títí ìdí á fi kú. Ìyá Ìbejì ń ta àǹkárá lọ́jà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń jáde sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Kubwa, kí bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ tó gba ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sátidé mìíràn, a óò lọ sí etí adágún Jabi. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ́nà. Nítorí òfin yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè parí irú eré yìí ní wákàtí méjì máa ń rọra tẹ̀lé wa bí ẹni tó ń sin ìyàwó lọ ilé ọkọ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà la san lẹ́nìkọ̀ọ̀kan fún eré yìí. Ọjọ́ méjì ṣáájú eré la lọ gba ẹrù wa ní ọ́fíìsì àwọn tó ṣètò eré náà ní Wuse, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n níbẹ̀: kò sí títò lórí ìlà, wọ́n tún fún wa ní zóbò tútù. Ẹ̀wù tí wọ́n fún wa nìkan lọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Ńlá nìkan ló kù. Ti Alàgbà ṣe rẹ́gí, àmọ́ tèmi, bí mo bá gbé e wọ̀, mo lè fi lọ síbi ìkómọ láìwọ ìró. Ọmọkùnrin tó ń pín ẹrù kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, ó ní ó dàbọ̀. Kò sọ nǹkan kan fún wa nípa chip, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka àkókò ẹni, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn nọ́ńbà tí à ń dè mọ́ àyà. Ìkìlọ̀ wà lórí nọ́ńbà náà o, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin eèrà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Bí o bá ti fi pín-ìn-nì dè é mọ́ àyà, ta ló tún fẹ́ kà á? Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ eré, aago mẹ́rin òru la kúrò ní Kubwa, torí aago mẹ́fà ni wọ́n pè wá sí iwájú Eagle Square. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni eré gbéra. Ọlọ́lá kan là ń dúró dè láti wá yin ìbọn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́fà ló wà fún gbogbo wa, ìlà rẹ̀ sì ń rán mi létí ilé epo nígbà tí epo bá wọ́n. N ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àmọ́ nígbà tí eré gbéra tán, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé Abuja mọ Shehu Shagari Way, bí mọ́tò ńlá ṣe máa ń gbá lọ níbẹ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ ò lè dá a kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, àárín títì gan-an la wà, kò sí mọ́tò kankan, wọ́n dí ojú ọ̀nà pa bó ṣe yẹ. Ọyẹ́ bo Aso Rock lẹ́yìn wa. Kí a tó dé Hilton, a bá àwọn ọmọkùnrin kan tó ń lu kàlàǹgú, ìbátan gángan tiwa. Ìyá Ìbejì dúró, ó jó. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago, ó ní ijó náà gba ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Alàgbà ní kó lọ bi aago rẹ̀ bóyá ó mọ ijó í jó.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé Abuja tẹ́jú, inú mọ́tò ló ti máa ń wò ó. Ẹ fi ẹsẹ̀ gun Maitama wò. Ní kìlómítà 5, omi wà, ó tutù. Ní kìlómítà 10, omi wà, ọsàn náà wà, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń pàtẹ́wọ́ fún wa bí ẹni pé àwa la síwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn wa, ọkọ̀ ambúláǹsì ló kù.

Ní kìlómítà 15, kò sí nǹkan kan. Mo tún un sọ, kò sí nǹkan kan. Tábìlì méjì wà níbẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti ṣófo sì tẹ́ ilẹ̀ lọ bẹẹrẹ, kò sí ẹyọ kan tó lómi. Àwọn tó ṣáájú wa ti mu ún, wọ́n ti dà á sórí, wọ́n ti fi ṣan ẹsẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ń tẹ fóònù. Mo bi í pé omi ńkọ́, ó ní àwọn ti pe mọ́tò, ó ń bọ̀. Oòrùn ti yọ gidi. Ètè Alàgbà ti funfun. Mo fẹ́ dúró bá ọmọ náà jà, Ìyá Ìbejì ló fà mí lọ́wọ́.

Òun náà ló rí máígáàdì kan níwájú ilé ńlá kan, tó ń fi rọ́bà bomi rin òdòdó. Kaduna ni wọ́n bí Ìyá Ìbejì sí, Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Ó pariwo láti òdìkejì títì: "Akwai ruwa?" Ìyẹn ni pé, ṣé omi wà? Bàbá náà ní, "Akwai, Hajiya. Sannu da kokari," pé omi wà, ẹ kú ìyànjú, ó sì yí ẹnu rọ́bà sí wa. A mu, a fi bọjú. Bàbá náà kò dúró síbẹ̀ o, ó ń wọ́n ọn sí wa lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi ń ro tótó lára wa nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Bí ìyè ṣe padà sí Alàgbà lójú nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ máígáàdì náà lọ́jọ́ yẹn, mo tún ń dúpẹ́ níbí.

A so ọwọ́ pọ̀ ní igba mítà tó kẹ́yìn, a sì gbé e sókè bí a ṣe ń kọjá lórí ẹní rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sójú títì. Aago ńlá tó wà lókè ka wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ọmọdé kan gbé mẹ́dààlì kọ́ wa lọ́rùn. Mẹ́dààlì yẹn wúwo, iṣẹ́ rẹ̀ dára, n ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà la wá dé abẹ́ kánópì tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ẹ̀rí. Ẹ ó pe nọ́ńbà yín, ìwé á jáde. Ti Alàgbà jáde, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, tèmi náà jáde. Nígbà tó kan Ìyá Ìbejì, ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó tún un wò, ó ní lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: DNF. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kò parí eré.

Ìyá Ìbejì ní, "Ta ló wá gbé mi débí?"

Ọmọ náà ní bóyá wọ́n gba ọ̀nà àbùjá. Mo fi ìwé tèmi hàn án, mo ní ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, a jọ kọjá ni. Ó ní ẹni tó bá parí nìkan ni mẹ́dààlì wà fún. Ìgbà náà ló wá sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti mẹ́dààlì bọ inú híjáàbù rẹ̀, ó ní, "Máa wá mú un." Ọ̀gá wọn kan tó mú rédíò ọlọ́wọ́ kọjá, kò tilẹ̀ dúró, ó ní kí a fi ímeèlì ránṣẹ́.

A fi ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò. Ọjọ́ Ajé, mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀mejì. Ọkùnrin kan wá gbé e, ó ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo ti fi fóònù sórí ariwo kí gbogbo wa lè gbọ́. Alàgbà ní, "Mítà iná ilé mi náà kì í purọ́." Ó gé fóònù mọ́ wa lẹ́nu.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ìyá Ìbejì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti ṣèlérí fún àwọn ìbejì rẹ̀ pé òun á gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sí pálọ̀. Wọ́n ti kan ìṣó mọ́ ògiri. Ó ní bí òun bá ti wọlé, ìṣó yẹn lòun máa ń rí.

Ọjọ́ Ẹtì ni nọ́ńbà tí n ò mọ̀ pè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń ka àkókò. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló bọ́ sí Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má rò pé ìyẹn ló mú kó ràn wá lọ́wọ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà tán kó tó mọ irú èèyàn tí a jẹ́. Ó ní òun rí chip Ìyá Ìbejì níbi ìbẹ̀rẹ̀, òun rí i ní ìdajì ọ̀nà, àmọ́ kò dáhùn níbi ìparí. Ó wá bèèrè pé, "Níbo ni wọ́n de nọ́ńbà mọ́, mà?"

Mo bi Ìyá Ìbejì. Abẹ́ híjáàbù ni, mọ́ ẹ̀wù inú. Kò fẹ́ kí pín-ìn-nì ya híjáàbù tuntun.

"Ǹjẹ́ omi kàn wọ́n lára púpọ̀ lẹ́yìn ìdajì ọ̀nà?"

Ẹnu mi wọhò. Máígáàdì!

Ọmọ náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Chip yẹn kò ní bátìrì. Ẹní rọ́bà ló ń fi ìgbì rédíò pè é, òun náà á sì fi nọ́ńbà rẹ̀ dáhùn. Omi a máa gbé ìgbì yẹn mì, ara èèyàn náà sì rèé, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tiwa wà níta, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara tó tutù rinrin, aṣọ tó tutù rinrin tún bò ó. Ó pè é títí, kò gbọ́.

Ìbínú mi kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Àmọ́ ká ní omi wà ní kìlómítà 15, kí ló máa gbé wa dé ìdí rọ́bà ẹni ẹlẹ́ni? Ká ní ọmọ tó pín ẹrù sì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Mo sọ èyí fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò jiyàn. Ó ní òun ti kọ ọ̀rọ̀ omi náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá, ó ní kí èmi náà kọ ọ́, kó má jẹ́ ẹnu òun nìkan.

Ó ní kí a wá sí ọ́fíìsì. A lọ. Kámẹ́rà kan wà níbi ìparí tó ń ya gbogbo ẹni tó bá kọjá, pẹ̀lú aago. Òru méjì ló fi wò ó, torí híjáàbù aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ń wá. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa. Àwa nìyẹn, mẹ́rin, ọwọ́ lókè, ẹnu yíya bí ti ọmọ ẹyẹ. Ìyá Ìbejì wò ó, kò fọhùn. Ó ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ wo bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń lọ." Wọ́n tẹ ìwé ẹ̀rí fún un lójú ẹsẹ̀, àkókò rẹ̀ àti tèmi bára mu dé ìṣẹ́jú àáyá.

Ọmọbìnrin ọjọ́sí wà níbẹ̀. Ó kí wa bí ẹni tí kò rí wa rí. Ìyá Ìbejì yọ mẹ́dààlì láti inú báàgì, ó ní, "Ṣé o ṣì ń fẹ́ ẹ?" Ọmọ náà gbìyànjú láti fajú ro, ẹ̀rín pa á. Kò tọrọ àforíjì o, mo ń retí ẹ̀ títí a fi jáde.

Mo ti kọ máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣètò eré náà kí n tó fi àkọsílẹ̀ yìí han Ìyá Ìbejì. Ó kà á tán, ó ní ọ̀rọ̀ omi yẹn, kí n má yọ ọ́ kúrò, àmọ́ bí máàkì wọn bá fi lè dín ní mẹ́jọ, kí n wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá mi sáré. Ọ̀nà Kubwa sì rèé, ó máa ń ṣókùnkùn ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí.

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.