Lọ́yà tó bá mi ṣe ìwé ọmọ onílùú nílùú Ọba

Kí ẹnikẹ́ni tó kówó fún lọ́yà lórí ìwé ọmọ onílùú, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Ìdánwò Life in the UK, ìyẹn ìdánwò nípa ìgbé ayé nílùú Ọba tí èèyàn gbọ́dọ̀ yege kó tó béèrè fún ìwé yìí, kò le. Ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, 18 lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá kàwé rẹ̀ á yege. Ìdí fọ́ọ̀mù ni wàhálà wà.

Tí mo bá pe lọ́yà mi, ọ̀gá ọ́fíìsì náà, kò ní gbé e. Tí mo bá lọ síbẹ̀, wọ́n á ní ó ti lọ sí kóòtù. Lọ́jọ́ tí mo wá rí i, ó kàn ṣí ìwé mi gààràgà, ó ní ó ti pé, kí n mú káàdì báǹkì wá ká fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Owó ìjọba yẹn ju £1,500 lọ o! Bí wọn ò bá sì fọwọ́ sí ìwé èèyàn, owó ti lọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Pásípọ́ọ̀tù yín àtijọ́ ńkọ́?" Ó ń ṣí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sún mọ́ iná, títí ó fi rí òǹtẹ̀ Murtala Muhammed tí yíǹkì rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Ó kọ déètì méjèèjì sí bébà. "Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Òní ọjọ́ yìí gan-an, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Èkó lẹ wà."

Òótọ́ ni. Ìsìnkú bàbá mi ni mo lọ ṣe.

Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 450 lọ lẹ́yìn odi láàárín ọdún márùn-ún, tàbí ju 90 lọ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọjọ́ tí ìwé bá tẹ Home Office (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwé yìí) lọ́wọ́, tí wọ́n bá ka ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn gan-an èèyàn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ yìí. (Ọdún mẹ́ta ni ti ẹni tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílùú.) Ọmọbìnrin náà ní ká dúró títí a ó fi kọjá déètì tí mo padà wọlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mò ń ṣàdúrà fún un. Àbúrò tí ìyá mi bí kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìwé wá lọ tán, ni ọ̀gá bá fi bíìlì ránṣẹ́: owó àtúnṣe déètì. Lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò rí! Mo pè é, lọ́jọ́ yẹn ó gbé e, ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò tilẹ̀ sọ pé ẹ máa bínú. Mo san án, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí dòní, pẹ̀lú pé mo ti búra fún Ọba, pásípọ́ọ̀tù sì ti wà lọ́wọ́ mi.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní ọmọbìnrin yẹn lẹ fẹ́ kó yẹ òǹtẹ̀ yín wò. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.